“Neglect” kì í ṣe ìkórìíra, àìnáání ni

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn Yorùbá nílùú London ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó láàárín òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, kó máa túmọ̀ ohun tí ẹnì kìíní wí fún ẹnì kejì. Ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká máa pe ‘neglect’ ní Yorùbá? Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìkórìíra ni. Fóònù mi ní ìgbàgbé ni. Mo lo ‘ìkórìíra’ fún ìyá kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá figbe ta, ló káwọ́ lérí, ó ní òun kórìíra ọmọ tóun fi oṣù mẹ́sàn-án lóyún rẹ̀ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ó gbọ́dọ̀ dojú rú. Ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní figbe ta?

Èmi náà gbọ́ irú àlàyé yẹn lórí rédíò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń ṣe é, Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì dùn-ún gbọ́. Ó ní ẹni tó bá “neglect” ọmọ, ó kórìíra ọmọ náà ni, àbùṣe bùṣe. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò náà. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ ọ jù mí lọ. Ohun tó fà á ni pé kò fara balẹ̀ wo ìkórìíra fúnra rẹ̀ rí. Ẹni tó kórìíra rẹ, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ. Ó mọ ìgbà tó o jáde, ó mọ ìgbà tó o wọlé, ó mọ̀ pé aṣọ tó o wọ̀ lánàá kọ́ lo tún wọ̀ lónìí. Ìkórìíra níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń “neglect” rẹ kò mọ ọ̀kankan nínú gbogbo ìyẹn. Ó lè máa rẹ́rìn-ín sí ọ láàárọ̀, kó máa pè ọ́ ní àdùkẹ́, kó sì máà mọ̀ pé bàtà rẹ ti já láti oṣù mẹ́ta.

Ìgbàgbé tí fóònù sọ náà kò bá a mu. Ẹni tó gbàgbé, bó o bá rán an létí, á ta gìrì, á ní “áà, mo mà gbàgbé o,” á sì dìde. Ẹni tí à ń sọ yìí, bó o rán an létí lẹ́ẹ̀mẹwàá, ohun kan náà ló máa wí: “Màá ṣe é. Jẹ́ n kọ́kọ́ ti ibí dé.” Ó rántí. Kò dìde ni.

Ọmọ mi, jẹ́ ká bi ọ̀rọ̀ náà léèrè ilé bàbá rẹ̀, nítorí àlejò ni lọ́dọ̀ wa. Èdè Látìn, ìyẹn èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ló ti wá. “Nec” níbẹ̀ dúró fún “kò”. “Legere” dúró fún kéèyàn ṣa nǹkan, kó ṣà á jọ. Fi wọ́n ṣọ̀kan: kò ṣà á. Nǹkan wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere, ó gbẹ́sẹ̀ fò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìdílé ńlá ni “legere” yìí ní nínú Gẹ̀ẹ́sì. “Collect”, ká ṣa nǹkan jọ síbì kan, ọmọ rẹ̀ ni. “Select”, ká ṣa èyí tó wù wá sọ́tọ̀, ọmọ rẹ̀ ni. “Elect”, tí à ń pariwo ní gbogbo ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, ká ṣa ẹni tó máa ṣolórí, òun náà ni. “Negligible” tí àwọn oníṣirò máa ń lò ni ohun tó kéré débi pé kéèyàn fi í sílẹ̀ láìṣà á kò dí ohunkóhun lọ́wọ́. Nítorí náà, ọwọ́ àti ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ látinú ọkàn. Ẹ̀yìn tí kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ tí kò ṣa nǹkan: ibi tí gbogbo wàhálà wà nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé e lọ sínú ọkàn, tó ní ìkórìíra ni tàbí àìnífẹ̀ẹ́, ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó dára. Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ tiwa ló wá jọ ọ́? Wọ́n pọ̀. “Àìbìkítà” ni ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè máa gbé fún ọ. Kò burú, àmọ́ ìwà ni àìbìkítà, bí ara ẹnì kan ṣe rí ni, ó sì wúwo lẹ́nu bí èébú. “Dágunlá” ti le jù, nítorí ẹni tó dágunlá ń jẹ́ kó o mọ̀ pé òun dágunlá. “Ìkọ̀sílẹ̀” ni ti ẹni tó ti kẹ́rù lọ. “Ìpatì” súnmọ́ ọn. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí ló máa ń wá sí wa lọ́kàn tá a bá gbọ́ ọ, òpó ilé tí koríko ti bò.

“Àìkàsí” wù mí gan-an, mi ò ní parọ́. Ṣé o rí i pé “legere” kan náà tí àwọn ará Róòmù fi ń ṣa nǹkan ni wọ́n fi ń ka ìwé? Àwa náà, “kà” kan náà la fi ń ka owó, òun náà la fi ń ka ìwé, òun la sì fi ń ka èèyàn sí. Àwọn baba wa àti àwọn baba tiwọn kò pàdé rí, síbẹ̀ wọ́n gba ọ̀nà kan náà kọjá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ipò àti ọ̀wọ̀ ni àìkàsí máa ń yọrí sí lẹ́nu wa. Bí ọmọdé bá kọjá lára mi tí kò kí mi, màá ní kò kà mí sí. N kò lè sọ pé ó “neglect” mi, nítorí n kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Ìkáwọ́ yẹn gan-an ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni “àìnáání”. Orin kan wà tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀, tí wọ́n ti kọ fún wa kí eyín wa tó hù:

“Ohun tá a ní là ń náání,
Ohun tá a ní là ń náání,
Ọmọ aṣẹ́gità
Ó ń náání èèpo igi.”

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń túmọ̀ orin yìí bí orin ìṣẹ́. Wọ́n á ní òtòṣì ọmọ ni, kò ní nǹkan gidi, ìdí nìyẹn tó fi ń di èèpo igi mú. Kéèyàn ṣáà ní ìtẹ́lọ́rùn. Irọ́ ni, ẹ dákun! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé lọ́dọ̀ aṣẹ́gità rí. Èmi gbé ibẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ń ṣẹ́gi tà ní Ṣakí, ọdọ̀ rẹ̀ ni mo sì wà láti ìgbà tí mo ti ń rá títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá la igi pẹ̀lú àáké, èèpo á máa fò sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó wá ra igi kò ní wò wọ́n. Á ka ìtì igi rẹ̀, á sanwó, á tẹ èèpo mọ́lẹ̀ kọjá. Bó bá ti lọ tán, màmá á bẹ̀rẹ̀, á ká etí ìró rẹ̀ sókè ṣe àpò, á sì máa ṣa èèpo náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà ṣà á. Èyí tó gbẹ tó sì fẹ́lẹ́, á kó o sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, nítorí òun ló ń tètè gbaná láàárọ̀ tí ìrì bá ti pa igi. Èyí tó nípọn, á sá a sórí páànù. Bó bá sì jẹ́ èèpo ahùn tàbí ti ọ̀gànwó, kò jẹ́ kọ́mọdé fọwọ́ kàn án, nítorí àwọn elégbòogi ń bọ̀ wá rà á fún àgbo, owó rẹ̀ sì máa ń ju ti igi tó ti ara rẹ̀ wá lọ nígbà mìíràn. Mo ṣì ń rí ọwọ́ màmá. Àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún ti le bí ìwo, òun ló fi ń yẹ ẹ̀yìn èèpo wò bóyá ikán ti wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ọmọ aṣẹ́gità kò náání èèpo igi torí pé kò rí nǹkan mìíràn náání. Ó mọ iṣẹ́ tí èèpo ń ṣe ni. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá ṣà á, kò sẹ́ni tó máa bá òun ṣà á, nítorí ọ̀dọ̀ òun ló bọ́ sí. Tún orin náà gbọ́: ohun tá a NÍ là ń NÁÁNÍ. Èmi kò gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ dá orin yẹn ṣèèṣì fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lójú tèmi, inú “ní” ni “náání” ń gbé. Mo lè kẹ́dùn fún ohun tí kì í ṣe tèmi, mo lè bìkítà nípa rẹ̀, mo lè kà á sí. N kò lè náání rẹ̀ àfi bó bá wà lọ́wọ́ mi. Bí n kò bá sì ní in, n kò lè jẹ̀bi àìnáání rẹ̀. Wò ó wàyí: ará Róòmù ní “kò ṣà á”, ìyá mi àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró sí tí wọ́n ń wo ohun kan náà nílẹ̀.

Bó o bá ní èrò arúgbó lásán ni, lọ ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́, èyí tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James ti sọ fún Tímótì pé kó má ṣe “neglect” ẹ̀bùn tó wà lára rẹ̀, nínú ìwé kìíní sí i, orí kẹrin, ẹsẹ kẹrìnlá, “máṣe àìnáání” ni àwọn bàbá yẹn kọ. Níbi tí ìwé Hébérù orí kejì, ẹsẹ kẹta, ti bèèrè bá a ṣe máa là á bá a bá “neglect” ìgbàlà ńlá bí èyí, “bí àwa kò bá náání” ni wọ́n kọ. Ibi méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ísọ̀ tó fi ogún ìbí rẹ̀ gba ọbẹ̀, wọn ò lo náání mọ́. Wọ́n ní ó “gàn” án. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó fojú tín-ín-rín nǹkan tó sì gbé e tà yàtọ̀ sí ẹni tí nǹkan wà lára rẹ̀ tí kò lò ó. Ìmọ̀ nìyẹn. Àwọn tó jókòó ti èdè náà, tí wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọn iyẹ̀ góòlù, ni wọ́n, wọn kò sì ní fóònù.

Òfin ilẹ̀ tó o wà yẹn pàápàá ń gbè mí lẹ́yìn. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 1933 ṣì wà nílẹ̀, ìwọ náà á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ìpín kìíní rẹ̀ ka oríṣiríṣi ibi tí àgbà lè fi ṣe ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16: kó lù ú, kó hùwà ìkà sí i, kó “neglect” rẹ̀, kó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kó gbé e síbi tí ewu ti lè wu ú. Ṣé o rí i pé wọ́n ya “neglect” sọ́tọ̀ kúrò lára ìkọ̀sílẹ̀, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà ìkà? Òfin náà tún ṣàlàyé ohun tó lè sọ òbí di ẹlẹ́bi: bí kò bá pèsè oúnjẹ tó tó, aṣọ, ìtọ́jú ìṣègùn tàbí ibùgbé. Kò dá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ rárá. Adájọ́ kò ní bi ìyá léèrè bóyá ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀; á bi í pé ọmọ náà jẹun bí? Ẹni tí ọmọ sì wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni òfin náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì. Nílé níbí náà, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, ní ìpín 301, gbé e ka orí olórí ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 wà níkàáwọ́ rẹ̀ pé kó pèsè ohun tí ọmọ náà fi máa wà láàyè. Ìkáwọ́, ìkáwọ́, ìkáwọ́. Ohun tá a ní.

“Negligence” ńkọ́? O kò bi mí, ṣùgbọ́n o máa bá a pàdé. Ìyẹn ni ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ nínú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú Paisley ní Scotland kọjá, níbi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ May Donoghue ti mu ohun mímu atalẹ̀ nínú ìgò dúdú ní oṣù kẹjọ ọdún 1928, tó sọ pé ìgbín tó ti jẹrà bọ́ jáde látinú ìgò náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sanwó ohun mímu náà, nítorí náà kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú ẹni tó ṣe é. Síbẹ̀, lọ́dún 1932, mẹ́ta nínú adájọ́ márùn-ún ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, gbà pé ẹni tó ń ṣe ohun mímu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tó máa mu ún. “Àìṣọ́ra lẹ́nu iṣẹ́” ni kó o máa pe ìyẹn. Dókítà tó gbàgbé àlùmọ́gàjí síkùn aláìsàn, àìṣọ́ra ni. Kò jọ tiwa yìí.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí n kò fẹ́ràn láti máa sọ, nítorí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Lọ́dún 1987, mo ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹrin tí ọyún máa ń jáde létí rẹ̀ ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti dòdò níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ ò rí bó ṣe fẹ́ràn ọmọ náà! Bí a bá lu aago oúnjẹ, á ti bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, á fi ẹja lé e, á fi etí ìró nu ẹnu rẹ̀ níṣojú gbogbo ọmọ, ojú á sì máa ti ọmọ náà. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ etí yẹn, á ní, “Ẹ jẹ́ kí ọjà Ọjọ́rùn-ún yìí ṣáà kọjá, màá gbé e lọ sí ọsibítù.” Ọjọ́rùn-ún á kọjá, òmíràn á dé. Á ti òwú tuntun bọ̀ ọ́ létí, á ní bó bá dàgbà díẹ̀ sí i á lọ fúnra rẹ̀. Ọdún kan, ọdún méjì. Nígbà tí ọmọ náà fi dé kíláàsì kẹfà, bí a bá pe orúkọ rẹ̀, á kọ́kọ́ yí orí bí adìẹ tó ń wo àwòdì lókè, kó lè fi etí òsì gbọ́ wa. Etí ọ̀tún ti lọ.

Ta ló máa sọ pé obìnrin yẹn kórìíra ọmọ rẹ̀? Ta ló máa sọ pé ó gbàgbé, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pààrọ̀ òwú láràárọ̀?

Èmi tíṣà rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Òórùn etí náà ń da kíláàsì láàmú, mo bá gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Díspẹ́ńsárì kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa, mo ní kẹ̀kẹ́, n kò sì gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì, ọwọ́ mi ni ọmọ yẹn wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó mọ ìṣirò. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé mo kórìíra ọmọ yìí, ǹ bá bínú, ìbínú mi á sì tọ́, ǹ bá sì fi ìbínú yẹn bo ẹ̀bi mi mọ́lẹ̀. Àmọ́ ká ní àgbà kan dúró níwájú mi, tó ní, “Tíṣà, o ò náání ọmọ tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́,” kí ni ǹ bá sọ? N kò ní rí nǹkan kan sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin orí rédíò yẹn. Ìtumọ̀ tó fún àwọn èèyàn ń jẹ́ kí ẹni tó jẹ̀bi rí ọ̀nà sá lọ. Gbogbo òbí tó bá ti wo inú ara rẹ̀ tó rí ìfẹ́ níbẹ̀ á ní, “A dúpẹ́, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí.”

Ẹnì kan á tún bi mí pé ṣé ó ṣeé lò fún ìlú, kì í ṣe fún èèyàn nìkan. Ó ṣeé lò dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn àrùn kan tí wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n pè ní àrùn ilẹ̀ olóoru tí a “neglect”, sòbìà sì wà lára wọn. Ẹni tó bá mọ sòbìà kò ní ka orúkọ yẹn láìmí kanlẹ̀. Omi adágún tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lèèyàn máa mu, bíi ọdún kan lẹ́yìn náà ni aràn á ta jáde lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú. Wọ́n kà á lórílẹ̀-èdè wa láàárín 1988 sí 1989, àwọn tó ní i lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta àti àádọ́ta. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi àti kànga tó mọ́ ló sì lé e lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 la rí ẹni tó ní i gbẹ̀yìn, wọ́n sì fún wa níwèé ẹ̀rí lọ́dún 2013 pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ti ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Kó tó degbò ni o. Kì í ṣe àwọn tí aràn ń ta lẹ́sẹ̀ ni kò náání rẹ̀. Àwọn tí owó ìlú wà níkàáwọ́ wọn ni. Nítorí náà, níbikíbi tó o bá ti gbọ́ “neglect”, ọwọ́ ta ni nǹkan náà wà? Ẹni yẹn ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ náání yìí sì ti ń kú mọ́ wa lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá, mo bá àwọn ọ̀dọ́ mọ́kànlá jókòó nínú ọgbà ilé ìjọsìn wa. Mo ní kí ẹnì kan fi “náání” ṣe gbólóhùn fún mi. Wọ́n kọ orin náà látòkè délẹ̀, ohùn wọn dùn, wọ́n tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Mo ní ó tó, ẹ wá fi ṣe gbólóhùn tiyín. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Ọmọbìnrin kan wá sọ pé, “Bàbá, àwa máa ń sọ pé wọ́n neglect èèyàn ni.” Orin ti di ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń gbé e kiri, wọn ò mọ ọbẹ̀ tí wọ́n sè nínú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ sí Èkó. Ilojo Bar ní gbàgede Tinúbú, tí ìjọba ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, a wò ó títí ògiri rẹ̀ fi gbó, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Èèpo igi ni gbogbo wọn. A tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kọjá.

Ọmọ mi, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá tún dárúkọ “neglect”, sọ fún ìyá náà pé: “Ìyá, wọ́n ní ẹ ò náání ìtọ́jú ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín.” Fi “ìtọ́jú” síbẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn. Lo “ẹ” fún un, má ṣe lo “o” nítorí pé òṣìṣẹ́ náà ń sọ “you” sí gbogbo èèyàn. Bó bá ní, “Mo fẹ́ràn ọmọ mi,” túmọ̀ rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ náà bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí òótọ́ lè ni, kò sì ta ko ohun tí wọ́n ń bi í. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà bi í léèrè ohun tọ́mọ náà jẹ láàárọ̀.